Alihamudulilahi: Ẹnu Mi Ti Padà Sípò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè láti oṣù June pé ibo ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wọlé sí, ẹ bá mi ké Alihamudulilahi. Ẹ ké e kó rinlẹ̀. Àárọ̀ yìí ni dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó bá 128 lórí 82, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ, ó di oṣù mẹ́ta. Mi ò tíì dé ẹnu géètì tí mo fi bú sẹ́kún. Àwọn tó rí mi rò pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún mi ni.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ fẹ́ mú mi. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ẹran ò tíì tán nínú ìkòkò. Mo kúrò ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, mo fẹ́ sáré dé àdúgbò Gate lọ gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan kí òjò tó dé. Micra, ọkọ̀ èrò kékeré yẹn, ni mo wọ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, èmi nìkan, mo ní màá san ti ẹni méjì. Ẹ kúkú mọ̀ mí, ara mi kì í ṣe ara kékeré. A ò tíì kọjá Sẹkitéríàtì tí mo fẹ́ yọ owó ọkọ̀. Owó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún mú un, ó tún bọ́. Mo wá ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì: mò ń rán an níṣẹ́, kò jẹ́. Mo ní kí n pe dẹ́rẹ́bà, ohun tó jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an ò mọ èdè tí í ṣe.

Ọmọkùnrin yẹn yíjú wò mí. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní, "Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i." Inú kọ́kọ́ bí mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ṣáà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Òsì gòkè, ọ̀tún wà lórí itan mi bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sórí igbá. Ó wo aago, ó ní, "Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú." Ó fa báírò yọ, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ló bá tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan, ó ń fọn fèrè, ó yà kúrò lọ́nà Gate.

Àwọn mẹ́rin ló wà lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni kan fárí gá, ó ní òun ní ìpàdé. Ìyá kan ní wárápá ni, kí wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n bu omi lé mi lórí. Ọmọ yìí ò bá wọn jiyàn. Ó ní ẹni tí kò bá lè bá òun lọ kó bọ́ sílẹ̀, kó má san kọ́bọ̀. Mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì iléèwé ló kù, òun ló na ọwọ́ láti ẹ̀yìn tó fi di orí mi mú. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi, bó o bá gbọ́ èyí, wá gba èlùbọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ń jí mi lójú oorun títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí a fi dé iwájú ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ẹnu mi ti tọ́, ọwọ́ mi ti ń gbé, ọ̀rọ̀ mi ti já gaara. Mo ti ń tún ìborùn mi wé. Mo ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run ti gbọ́. Wà mí lọ sí Gate, ẹni tó fẹ́ fún mi lówó á ti fẹ́ máa lọ." Ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní, "Màámi, bó ṣe ṣe ìyá mi gan-an nìyí. Ó mú wọn lọ́sàn-án, ó fi wọ́n sílẹ̀. A jọ jẹ àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà, a ń rẹ́rìn-ín ẹnu wọn tó wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò lè dìde." Ọdún karùn-ún rèé tí ìyá náà ti wà lórí ẹní. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ kó tó gbé ọkọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló gbé mi wọlé o, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi.

214 lórí 126 ni wọ́n bá lára mi. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé báàgì èlùbọ́ méjì láàárọ̀ ọjọ́ náà! Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, ọmọ Micra sì na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí wọn. Àṣé oògùn kan wà tó máa ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin àbọ̀ péré ni àyè rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ aago ti pàdánù àyè yẹn nìyẹn. Tèmi ò dé ibẹ̀. Wọ́n ya àwòrán orí mi, ẹ̀jẹ̀ ò tú sínú ọpọlọ. Dókítà obìnrin kan, ó kéré lára bí ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó là. Àwọn kan ń pè é ní rọpárọsẹ̀ kékeré. Ó ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ńlá máa ń tẹ̀ lé e jù. Ó ní, "Ká ní ẹ lọ sí Gate ni, mà..." Kò parí rẹ̀. Mi ò ní kó parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ báyìí kí ẹ tó káàánú mi jù. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ní 2022 tí mo pé àádọ́ta ọdún, ẹgbẹ́ àṣàlátù wa pe àwọn nọ́ọ̀sì wá wọn ìfúnpá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tèmi jẹ́ 168 lórí 100. Wọ́n kọ oògùn fún mi, mo lò ó, ó wálẹ̀. Bó ṣe wálẹ̀ báyìí, mo ní mo ti yè. Mo lò ó lónìí, mo fò ó lọ́la. Nígbà tí ààwẹ̀ wá dé lóṣù March, mo pa á tì pátápátá, mo ní oògùn àárọ̀ ni, kò sì sí oúnjẹ láàárọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n! Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni oògùn náà. Dókítà ní ká ní mo béèrè ni, àwọn ì bá gbé e sí ìdí ìṣínu fún mi. Nínú Àlùkùránì, Súrátù Bákárà, ẹsẹ 184, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn kó ka ọjọ́ mìíràn san án padà. Ta ni mo wá fẹ́ jẹ́ mùsùlùmí jù?

Orí tó ń fọ́ mi, ooru tó ń mú mi lóru títí mo fi ń jókòó sí ẹnu fèrèsé, nǹkan oṣù tó dúró ni mo kó gbogbo rẹ̀ lé lórí. Ooru yẹn, òótọ́ ni, ti ọjọ́ orí wa ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgbà tí nǹkan oṣù bá dúró gan-an ni ìfúnpá obìnrin máa ń gòkè sí i, òun náà kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó bá ní òun máa dúró dìgbà tí orí bá fọ́ òun kó tó lọ wọ̀n ọ́n, á dúró pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi ní tòótọ́, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ṣe mí, mo rí yín. Wọ́n ní ọfà ni. Wọ́n ní kí n wo ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, obìnrin tá a jọ ń ta èlùbọ́, tí a ò kí ara wa dénú láti bí ọdún méjì. Ẹnì kan tilẹ̀ ti bá mi dúnàádúrà iye tí wọ́n máa fi dá ọfà náà padà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́rú yẹn, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti òkè. Ìta ni èlùbọ́ mi wà, lórí tápólì. Obìnrin yẹn ló kó o wọlé, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó bá mi tà á fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé, ó kó owó náà wá bá mi nílé, kọ́bọ̀ ò dín. Bẹ́ ẹ bá ń wá ọfà tó bà mí, ẹ wo inú ìkòkò mi: mágí mẹ́fà nínú ọbẹ̀ ẹni mẹ́rin, iyọ̀ tún wà lórí rẹ̀. Dókítà ní iyọ̀ ọjọ́ kan fún ẹnì kan kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, tòun ti èyí tó wà nínú mágí.

Àti ẹni tó sọ ní àṣàlátù pé mò ń ṣe bí ìyàwó gómìnà torí mo ra ẹ̀rọ ìfúnpá sílé, mo gbọ́. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì mi. Wá wọn tìẹ.

Mi ò bú àgbo o, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ mu ún. Àmọ́ ẹni tó ní òun á fọ ẹ̀jẹ̀ ríru dànù lọ́jọ́ mẹ́ta, tó sì ní kí n da oògùn mi nù, kó jẹ́ kí n jìnnà sí i.

Dókítà kékeré yẹn tún sọ ohun kan fún mi tí mi ò mọ̀. Ó ní ní Ìbàdàn wa níbí, láti 1973 sí 1975 ni ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun fi kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú sílẹ̀, láti mọ bó ṣe pọ̀ tó nígboro. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó lé ní 2,000 tó mú ní Nàìjíríà àti Ghana. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú gbogbo ohun tó ń fà á, àìjẹ ẹ̀fọ́ sì wà nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Mo ní èmi ń jẹ ewédú. Ó ní ewédú wo, èyí tí ẹ fi ń kun ẹ̀gbẹ́ gbẹ̀gìrì yẹn? Mo dákẹ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mi ò gbàgbé yín. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀, ó ní omi tí òun mu ni. Ẹ̀rù tèmi ló gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 151 láìtíì jẹun, bẹ́ẹ̀ láti 126 ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n wo prostate rẹ̀ náà, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, a dúpẹ́. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ yẹn máa ń mú ju aláwọ̀ funfun lọ, àwọn ọkùnrin wa ló sì máa ń sá jù bí wọ́n bá gbọ́ àyẹ̀wò. Itijú kí ni? Ní báyìí, bí a bá ti kí àsùbáà tán, àwa méjèèjì á máa rìn yípo àdúgbò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Aládùúgbò kan ti bi wá bóyá ewúrẹ́ wa ló sọnù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ọmọ Micra. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí gáréèjì kí n tó bá a. Mo ní kó mú mi lọ kí ìyá rẹ̀, mo gbé èlùbọ́ kóńgò mẹ́ta dání. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ yé èèyàn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdí tí mo fi wá, ọmọ wọn ti sọ fún wọn. Ọwọ́ òsì wọn ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún mi mú. Wọ́n ń fún un, wọ́n ń wò ó, wọ́n tún fún un.

Nígbà tí a jáde, mo kó owó fún ọmọ náà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Màámi, owó ọkọ̀ yín nìkan ni mo máa gbà. Ẹ ò san án lọ́jọ́ yẹn, ẹni méjì lẹ sì ní ẹ fẹ́ san fún." Mo ka ₦600 sí i lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kà á.