Kòkó tó gbẹ máa ń fọhùn

Ọwọ́ Bàbá Kékeré ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kòkó. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló sì ń bójú tó oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀wẹ̀nà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Bí a bá ti sá kòkó fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a bẹ̀rẹ̀, wọn a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọn a fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọn a sì gbé ọwọ́ náà sétí bí ẹni tó ń gba fóònù. Tó bá dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ti gbẹ. Tó bá dákẹ́, ó di ọ̀la. "Kòkó tó gbẹ máa ń fọhùn," wọ́n á ní. Tísà ni mí ní Àkúrẹ́, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mò ń rí oko. Ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni mo pè é.

Ẹni tó bá ń gbé agbègbè wa yìí kò lè tètè gbàgbé 2024. Ní oṣù kẹta ọdún náà, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí Kérésì tó dé, ó ti lé ní 12,000. Àwọn tí wọ́n ti fi oko bàbá wọn sílẹ̀ fún ọ̀yà tún gbé àdá lọ sán igbó. Mo mọ ìdílé kan tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn, tí gbogbo wọn jọ pàdé lábẹ́ igi kòkó. Ìfẹ́ kọ́ ló kó wọn jọ o.

Oṣù kọkànlá ni tèmi ṣẹlẹ̀. A ti ká kòkó, a ti fọ́ ọ, a ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, tí a ń yí i po láàárín kí ooru rẹ̀ lè kárí. Ẹni tí kò bá tíì dúró ti kòkó tí wọ́n bò kò mọ òórùn rẹ̀: ó kan bí ọtí, ó dùn bí oyin, ó sì máa ń bá ènìyàn wọ mọ́tò délé. Lẹ́yìn náà la wá sá a sórí tapólì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ń fẹ́ nínú oòrùn tó múná. Bí àrọ̀kúrò bá ṣì ń yọjú, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Kékeré lọ síbi ìsìnkú kan ní Oǹdó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ mi pè láti yunifásítì pé ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke owó ilé-ìwé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un. Kò fọhùn. Mo bu òmíràn. Ó dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò kan ààbọ̀ tí a kọ́kọ́ sá ṣì wà nínú yàrá, ìyẹn gbẹ dáadáa. Mo di àpò márùn-ún. Èyí tó tutù ni mo dà sí ìsàlẹ̀ àti àárín, mo wá fi gbígbẹ bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má bi mí pé ta ló kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

Ọ̀gá oníkòkó tí mo gbé e lọ bá ti ọwọ́ bọ orí àpò, ó fún un, ó gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó mi orí. Wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó sanwó. Bí àpò mẹ́rìndínlógún ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan, ẹ lè fojú inú wo ohun tí márùn-ún já sí lọ́dún yẹn. Mo san owó ilé-ìwé, mo san gbèsè kọ́péréètì. Mo fi nínú èyí tó kù sínú àpò ìwé Ìkórè.

Ìkórè ìjọ wa bọ́ sí Sunday tó tẹ̀lé e. Iṣu wà níwájú pẹpẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tó ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù dé òpin. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, ẹsẹ̀ mi ti dé ibẹ̀ kí n tó ronú. Mo ní Olúwa ti gbé kòkó wa lékè. Mo ní ẹni tó bá rò pé oko bàbá wa ti di aginjù, kó wá wò ó báyìí. Ìjọ hó yèè. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbé orin, ẹnìkan nínú wọn sì gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Mo dúró pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, àfi bí ẹni pé Bàbá Kékeré dúró lẹ́yìn mi tí wọ́n gbé ọwọ́ sétí. Ẹ̀rí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ yìí, bí wọ́n bá fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ló máa wí? Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí Ananáyà àti Sáfírà, tọkọtaya inú Bíbélì tó purọ́ lórí owó tí wọ́n mú wá fún ìjọ, mo tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí. Kò sí ọ̀kan tó mú mi bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé láti Oǹdó, wọ́n wo ilẹ̀ tó ṣófo.

"Ìwọ lo dì í?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó fọhùn?"

N kò dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká tapólì.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò rò nígbà tí mò ń pariwo níwájú ìjọ. Ghana àti Ivory Coast ló ń pèsè èyí tó ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ, ìkórè wọn ló sì bàjẹ́. Òjò pọ̀ jù, ọ̀gbẹlẹ̀ tẹ̀lé e, èso ń dúdú lórí igi, àrùn tó ń mú ẹ̀ka wú sì wà, èyí tó jẹ́ pé kí wọ́n gé igi náà dànù ló kù. Ìdí tí tiwa fi gbówó lórí nìyẹn. Ìyàwó àgbẹ̀ kan á wà lọ́hùn-ún tí kò rí nǹkan gbé lọ sí Ìkórè ìjọ tirẹ̀. N kò ní kí ènìyàn má dúpẹ́ bí ọjà bá dára. Mo kàn ń ṣọ́ ẹnu mi báyìí kí n tó pe iye ọjà ní iṣẹ́ ìyanu. Bóyá ó ṣòro fún àwa láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Charles Phillips tó dé Oǹdó ní 1877 láti wàásù fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, wà lára àwọn tó gba ará ìlú níyànjú láti gbin kòkó. Ìyìn rere àti kòkó, ẹnu kan náà ni àwọn baba wa ti gbọ́ ọ.

Ní àkókò Lẹ́ńtì 2025, wọ́n ka ìtàn Sákéù ní ṣọ́ọ̀ṣì, agbowó-òde tó ní òun yóò san ohun tí òun bá fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. N kò ní ìlọ́po méjì pàápàá. Mo ṣírò iye kílò tí omi á jẹ́ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, mo fi owó rẹ̀ sínú àpò ìwé, mo lọ bá ọ̀gá oníkòkó.

Ó gbọ́ ọ dópin, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jókòó ná. Mo mọ̀. Ṣé orí àpò nìkan lẹ rò pé à ń wò ni? Bí àwọn ọmọ ṣe gbé e sọ́kọ̀ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ wá sanwó?"

Ó wo òṣùwọ̀n rẹ̀ níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Òun náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, Màmá. Ó máa ń fi kílò díẹ̀ pa mọ́ fún wa. A mọ̀ pé ẹ óò gbé tútù wá."

N kò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n bá a rẹ́rìn-ín. Mo wá gbà á níyànjú láti wá jẹ́wọ́ ni àbí mo wá jẹ́wọ́ tèmi? Mo na owó náà sí i, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ. Bí mo bá gba èyí, àfi kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò." Mo gbé e lé orí òṣùwọ̀n, mo jáde.

Nígbà tí Ìkórè 2025 fi máa pé, iye kòkó lọ́jà àgbáyé ti já wálẹ̀ sí bí ìdajì ohun tó jẹ́ ní Kérésì tó kọjá. Kò sí ìdílé tó tún ń pàdé lábẹ́ igi. Ní Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, kòkó tiwa ti lo ọjọ́ márùn-ún lórí tapólì. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un, mo gbé e sétí. Bàbá Kékeré náà bu tiwọn.

"Ó di Ọjọ́rú," ni wọ́n wí.

Mo ra ẹ̀rù ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan ní Ọ̀wẹ̀nà nígbà tí mò ń padà bọ̀, òun ni mo gbé lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n pe àwọn ẹlẹ́rìí, mo jókòó sáyè mi, mo bá wọn gberin. Ewúrẹ́ tọdún yìí dákẹ́ ju ti èṣí lọ.