Bíìtì ni àbí ọ̀rọ̀? Ohùn ńkọ́?

Òṣogbo, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Níbikíbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti pagbo yí fóònù kan ká, tí wọ́n ń rápù lórí bíìtì tó ń jáde nínú rẹ̀, ní Òkè-Fìà ni o, ní ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni o, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíìtì á ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìlù kò bá kọ́kọ́ mú un lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ á ní ìlù tí kò lọ́rọ̀ nínú, ariwo ọjà ni. Mo ti ń rò ó láti ìrọ̀lẹ́, ó sì dá mi lójú pé ìhà méjèèjì ló fo ohùn dá. Nínú rápù Yorùbá, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn kan náà ni orin tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ba ohùn jẹ́ ti ba bíìtì àti ọ̀rọ̀ jẹ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bíìtì tó ń lọ ní 90 BPM (ìlù 90 nínú ìṣẹ́jú kan), tí snare rẹ̀, ìlù tó ń dún "pá", ń bọ́ sí ìlù kejì àti ìkẹrin, báà kan rẹ̀, ìyẹn ìlù mẹ́rin, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2.7. Pín báà náà sí àyè 16, kí sílébù kan jókòó sí àyè kan: àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹsẹ báà 16 á parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 43. Ẹni tó bá di gbogbo àyè náà pa kò ní ríbi mí. Kó tó dé báà kẹfà, ohùn rẹ̀ á ti máa wálẹ̀, àwọn sílébù ìsàlẹ̀ tó wà nípẹ̀kun ìlà á sì kọ́kọ́ pòórá. Sílébù 13 tàbí 14 ti tó. Ẹ wo ìlà méjì yìí:

Ojúmọ́ mọ́ l'Óṣogbo, mo ti mú gègé lọ́wọ́
Ẹni tó bá fẹ́ roko, ẹ sọ fún un kó gbọ́kọ́

Sílébù 14 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àyè 2 ṣẹ́ kù fún èémí. Snare àkọ́kọ́ bọ́ sí àyè 5, èkejì bọ́ sí àyè 13. Nínú ìlà kìíní, "ló" àti "lọ́" ló wà níbẹ̀. Nínú ìlà kejì, "fẹ́" àti "gbọ́". Ohùn òkè ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì dìídì tò wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń rápù máa ń fi agbára pe sílébù tó bá bá snare pàdé, bí èèyàn bá sì fi agbára pe nǹkan, ohùn á gòkè fúnra rẹ̀. Sílébù òkè kò ní ohun tí yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n fi "ọkọ̀" síbẹ̀, kí "kọ̀" bọ́ sórí snare: agbára yẹn á fà á sókè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́tò á wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ oko ríro.

Ibẹ̀ gan-an ni àfarawé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣì wá lọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì ní sílébù tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, èyí tó wúwo ni wọ́n ń tò sórí snare. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lord of Ajasa àti DaGrin tó kú ní 2010 ti fi hàn pé rápù Yorùbá lè dá dúró, létí tèmi sì rèé, ohun tó mú DaGrin wọni lára ni pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ládùúgbò ló ṣe ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìparí ìlà tó bára mu ńkọ́? Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 péré la ní, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí sílébù wa, nítorí náà fáwẹ̀lì tó jọra kò ṣòro rí. Ó rọrùn débi pé òun nìkan kò tó. "Lọ́wọ́" àti "gbọ́kọ̀" ní fáwẹ̀lì kan náà, síbẹ̀ etí kò ní gbà á, nítorí ọ̀kan dúró lókè, èkejì já bọ́. "Gbọ́kọ́" ló bá "lọ́wọ́" mu. Ìpajẹ ló sì fún wa: "gbé ọkọ́" jẹ́ sílébù 3, òkè, àárín, òkè, tí a bá pa fáwẹ̀lì "gbé" jẹ, ó ku 2, òkè lé òkè. Irinṣẹ́ tí akọrin Gẹ̀ẹ́sì kò ní tó báyìí nìyẹn, ó sì dùn mí pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa kì í lò ó pẹ̀lú èrò.

Ẹ tún wo "gègé". Ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ìsàlẹ̀ máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ ni. Ní 90, ó ráyè gùn ún. Ní 140, àyè kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, gègé á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àyè 2 fún "gé" lórí bíìtì tó yára, kí o yọ sílébù mìíràn kúrò.

Àwọn tó ń ṣe bíìtì náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n á ká gángan sílẹ̀, wọ́n á gé báà kan nínú rẹ̀, wọ́n á máa yí i po. Gángan ń sọ̀rọ̀! Bí o bá gé e láàárín òwe, ààbọ̀ òwe ni yóò máa tún sọ títí orin á fi parí, Òṣogbo sì kún fún etí tó gbọ́ èdè ìlù. Béèrè ohun tí ó ń sọ lọ́wọ́ onílù kí o tó gé e, kí o sì gé e níbi tí gbólóhùn parí sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gángan àti ohùn akọrin ń du ibì kan náà létí. Bí ẹsẹ bá bẹ̀rẹ̀, dín gángan kù ní bíi dB (ìwọ̀n ariwo) 4 sí 6, tàbí kí ó máa dáhùn nínú àyè èémí tó wà nípẹ̀kun báà nìkan. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ti gúdúgúdú yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pín ìlù kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 12 nínú báà. Bí o bá gbé e sórí àlà 16, ìyẹn àyè 16 inú báà, nínú FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe bíìtì, tí o sì ní kí kọ̀ǹpútà tò ó tààrà, ijó inú rẹ̀ á kú. Lo àlà 12, tàbí kí o fi swing (fífa ọwọ́ kejì nínú méjì sẹ́yìn díẹ̀) sí nǹkan bí 66%, ní ìwọ̀n tí 50% jẹ́ tààrà, níbi tó ti fẹ́ bá mẹ́ta-mẹ́ta mu. Roger Linn ló gbé irú swing bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìlù MPC60 ti Akai ní 1988, láti 50% dé 75%. Onílù tó ń lù láìgbọ́ click (ìró tó ń ka ìlù sí i létí) máa ń yára sí i, torí náà ká a sílẹ̀ ní báà 4-4, kí o tún ọwọ́ àkọ́kọ́ nínú báà nìkan ṣe, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ègbè ló le jù, nítorí orin ni, ohùn orin sì lè tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣe àwọn orin ìjọ tí wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ náà nìyẹn. Sọ ègbè náà lẹ́nu nígbà 5 kí o tó wá ohùn orin fún un. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀. Auto-Tune, ètò tó ń tún ohùn akọrin ṣe, tó bá yára jù á sọ ìyọ́ ohùn di àtẹ̀gùn, nítorí náà dín ìyára rẹ̀ kù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, má ṣe bi ọ̀rẹ́ rẹ bóyá ó dùn. Gbé ẹsẹ náà tọ ọmọ àyàn kan lọ, ṣí bíìtì fún un láìsí ohùn rẹ, ka ìlà 4 sí i létí, kí o ní kó fi gángan sọ wọ́n lórí bíìtì náà. Níbi tó bá ti kọsẹ̀, sàmì sí i. Ibẹ̀ ni wàá tún kọ.