Ọdún 9 Lára Max Payne

Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí ní ọdún 2003, nígbà tí Max Payne 2 jáde, kọ̀ǹpútà tí a sì fi gbá gémù náà wà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo. Òun ló máa ń di máòsì mú, èmi a sì máa ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán sókè lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ojú ìwé aláwòrán ni Remedy, ilé-iṣẹ́ tó ṣe gémù náà ní orílẹ̀-èdè Finland, fi sọ púpọ̀ nínú ìtàn ọlọ́pàá New York tí wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jòjòló. Bí Max bá ju ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ méjèèjì, gbogbo nǹkan á falẹ̀, ọta tó ń bọ̀ á sì hàn ketekete lójú afẹ́fẹ́. Nítorí pé ọdún 2 péré ló wà láàárín apá kìn-ín-ní, tó jáde ní 2001, àti apá kejì yìí, a gbà pé bó bá pẹ́ títí, apá kẹta kò ní kọjá 2005.

2012 ló dé. Ní 2009 ni Rockstar, ilé-iṣẹ́ tó ṣe apá kẹta yìí, kéde rẹ̀, tí wọ́n ní ìgbà òtútù ọdún náà ni yóò jáde, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń yẹ̀ títí di oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ẹ̀gbọ́n mi ti di baba ọmọ méjì nígbà náà, èmi náà sì ti ń gba owó oṣù, èyí tí mo yọ nínú rẹ̀ láti ra ti ẹ̀rọ gémù Xbox 360.

Kí ó tó jáde ni àwòrán ti kọ́kọ́ dé: Max fárí, ó dá irùngbọ̀n sí, ó sanra, ó sì wà nínú oòrùn ìlú São Paulo. Ọ̀pọ̀ àwa tí a mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn àti yìnyín New York ni a bínú, tí a ní ẹlòmíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo ti yí ohùn mi padà láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Nínú gémù tí a ti ń fi ojú ẹni tó ń yìnbọn wo nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a máa ń rí. Ẹ̀yìn Max ni a ń tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà ọjọ́ orí rẹ̀ kò ríbi sá pamọ́ sí. Bó bá fò báyìí, ilẹ̀ ló máa ń balẹ̀ sí gbì, tí yóò sì rọra dìde bí ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń dùn. Ìbọn ńlá kì í pòórá mọ́ ọn lára bíi ti gémù mìíràn. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e kiri, bó bá sì fẹ́ ki ọta sínú ìbọn kékeré, yóò fi abíyá há èyí tó gùn náà. Ọgbẹ́ rẹ̀ kì í dédé san, àfi kó lo oògùn ara ríro, oògùn náà sì ti di bárakú fún un gẹ́gẹ́ bí ọtí ti dà. Ọdún 9 tí a fi retí rẹ̀ ti kọjá lórí òun náà, wọn kò sì fi bò fún wa. Mo ka ìyẹn sí ọ̀wọ̀ ńlá fún àwa tí a dúró.

São Paulo náà yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdílé olówó kan, Branco, ló gba Max láti máa ṣọ́ wọn, wọ́n jí Fabiana ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ gbé, ó sì ń wá a kiri àdúgbò tálákà níbi tí kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Gémù náà kò túmọ̀ èdè Potogí fún wa: bí Max kò ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà kò gbọ́. Nígbà Ọdún Ọ̀ṣun, mo ti máa ń gbọ́ èdè yẹn lẹ́nu àwọn ará Bràsíl tí wọ́n ń wá sílùú wa, mo sì mọ bí ó ti rí kí èèyàn dúró láàárín ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Àárò ojú ìwé aláwòrán ń sọ mí, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jù sójú tẹlifíṣọ̀n kò tó dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìran inú rẹ̀ kò sì ṣeé fò, àní bí iná bá lọ tí a sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kò yí padà ni ohùn. Òṣèré James McCaffrey ló sọ̀rọ̀ fún Max ní 2001, òun náà ni ní 2003, ní 2012 ẹ̀wẹ̀ ó fi ara rẹ̀ ṣeré náà. Nígbà tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó béèrè bóyá díìsì yẹn ṣì wà. Ó wá sílé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. A kò tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí Max ti lọ sí itẹ́ òkú ní New Jersey, nídìí ibojì ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ni a lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé páàdì sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀.