Mọ́tò tó máa sùn títí òtútù á fi lọ

Láàárọ̀ yìí gíláàsì iwájú mọ́tò ti funfun báláú, a ò sì ní pẹ́ máa rí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín, ìyẹn ni pé àsìkò ti tó kí n gbé mọ́tò kékeré mi wọ gáréèjì kó lọ sùn, ó máa tó bí oṣù márùn-ún kí n tó tún fọwọ́ kàn án.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé e wọlé, mo fa hándíbírèèkì sókè gan-an, mo da tápólì bò ó, ó tán. Ìgbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ojú mi rí màbo. Bátìrì ti kú fin-ín fin-ín, ikùn rẹ̀ wú síta torí omi inú ẹ̀ ti dì. Mo ra òmíì, mọ́tò sítáàtì, mo ki gíà bọ̀ ọ́, kò kúrò lójú kan, páàdì bíréèkì ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ dísìkì bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Abẹ́ tápólì yẹn tutù rinrin, síìtì ti ń hu nǹkan funfun funfun. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti eku. Mo ṣí àpótí tí fílítà afẹ́fẹ́ máa ń wà, mo bá odidi ilé níbẹ̀, eku ti fa òwú abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ya, ó kó tíṣù tí mo gbàgbé sínú mọ́tò mọ́ ọn, ó ká a róbótó bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún wá gé wáyà kan jẹ, rọ́bà ara ẹ̀ ti bó, kọ́pà ń dán yinrin níbẹ̀.

Láti ọdún yẹn mo ti kọ́gbọ́n. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo máa ń fọ̀ ọ́ mọ́, kì í ṣe òkè nìkan o, inú ibi tí táyà ń yí gan-an ni iyọ̀ àti ẹrẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń wà á lọ wà á bọ̀ kí bíréèkì lè gbẹ. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni mo ti máa ń ra epo kún táńkì. Táńkì tó ṣófo, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yẹn á sì máa di omi tí òtútù bá mú un, ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù náà tún fẹ́ràn omi. Mo máa ń da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i kí n tó ra epo lé e, kí n lè wà á bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kí oògùn yẹn dé inú ẹ́ńjìnì, kó má kàn jókòó sínú táńkì.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó lọ sùn, ẹ má sọ pé tó bá jí. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ ní omi àti ásíìdì nínú, kí lẹ wá fẹ́ kó máa fi oṣù márùn-ún ṣe nínú ẹ́ńjìnì yín? Omi radiétọ̀ náà, ìlàjì kúláǹtì (oògùn tí kì í jẹ́ kí omi tètè dì), ìlàjì omi, ìyẹn ò ní dì títí òtútù á fi dé nǹkan bíi 37 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Bátìrì, orí nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú o. Èmi máa ń gbé tèmi sórí ṣájà kékeré tó máa ń dá dúró fúnra ẹ̀ tó bá ti kún. Bátìrì tó kún dáadáa máa ń ka fóòltì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú ìyẹn kì í dì bọ̀rọ̀, èyí tí iná ti tán nínú ẹ̀ ni òtútù kékeré báyìí ń bà jẹ́. Táyà, mo kàn ń fún un ní atẹ́gùn sí i díẹ̀ kí ìdí ẹ̀ má baà tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan máa ń fi jáàkì gbé gbogbo mọ́tò sókè, èmi ò rí ìdí ẹ̀. Hándíbírèèkì, mi ò fà á mọ́ láéláé, gíà kìíní àti igi lábẹ́ táyà ti tó. Aṣọ tí atẹ́gùn lè gbà kọjá ni mo fi ń bò ó, tápólì yẹn mo ti lé e dànù.

Bọ̀dá kan wà ládùúgbò tó máa ń sọ pé kí n máa wá sítáàtì ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bọ̀dá, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ ń ṣi mí lọ́nà. Epo tó bá jó máa ń mú omi jáde, sàléńsà ò ní gbóná tó kí omi yẹn tó fò lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, inú ibẹ̀ ló máa jókòó sí tí á máa jẹ irin, iná tí sítáàtì gbà lára bátìrì náà kò tíì padà tán tí ẹ ti pa á. Tí ẹ ò bá lè wà á lọ sójú títì fún bí ìlàjì wákàtí, ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn. Ẹ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnì nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì o, gáàsì tó ń pààyàn wà nínú èéfín yẹn, gáàsì ọ̀hún kì í rùn kẹ́ẹ mọ̀.

Ó wá ku eku. Mo máa ń gbọn gbogbo èérún oúnjẹ inú mọ́tò dànù, mo máa ń kó tíṣù jáde (tíṣù ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí kí n tó wo nǹkan míì), mo wá máa ń ki kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń ha ìkòkò sí ẹnu sàléńsà àti ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn, torí eku ò lè jẹ ìyẹn. Ọdún méjì sẹ́yìn mo yọ ti iwájú, mo gbàgbé ti sàléńsà, mo sítáàtì, mọ́tò wúkọ́ gbùù, ó kú, mo tún un sítáàtì, ó tún kú, mo ti ń pe mẹ́káníìkì lórí fóònù kí ìyàwó mi tó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe nǹkan ìfọkòkò òun nìyí.

Lọ́la ni mo máa gbé e wọlé. Bébà tí mo máa lẹ̀ mọ́ sitíárìn wà níwájú mi níbí, mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: YỌ TI ẸNU SÀLÉŃSÀ.