Àgò Onílé o, Búrẹ́dì!

Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ ẹ̀rín kò jẹ́ kí n ráyè fajúro. Nínú ọyẹ́ ni, ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó, tí mo sì ń gbé ìwé ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rá bò yan fanda káàkiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. A yọ búrẹ́dì òwúrọ̀ nínú ààrò. Ìyá kan tó máa ń wá kó o tà mú ọ̀kan, ó wo ojú mi, ó fi ìka kàn án, kó, kó, kó, ó ní: "Àgò onílé o!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ààrò dáhùn: "Àgò yà, ẹ wọlé!" Ìyá náà bi búrẹ́dì bóyá bàbá wà nílé, ó tún bi í bóyá àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Èmi alábòójútó náà dúró, mo ń retí èsì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìlànà kan tí a fò. Fúláwà, ṣúgà, iyọ̀ àti yíìsì, orí òṣùwọ̀n ni gbogbo wọn gbà kọjá. Ìwé ní kí a fi fúláwà tí a pò sílẹ̀ fún wákàtí 2 ní ìwọ̀n ooru yàrá kí ó lè wú. Wákàtí 2 géérégé ni mo fún un. Yàrá ta ni? Ìwé kò sọ. Omi inú táńkì tó wà níta ti tutù débi tó ń wọ eegun, ọyẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, yíìsì a máa lọ́ra láti tú afẹ́fẹ́ tó ń wú búrẹ́dì jáde, kò sì mọ aago í wò. Tó bá di oṣù kẹta tí ooru mú, wákàtí 2 yìí kan náà ni yóò jẹ́ kí ó wú kọjá ààlà, kí ó sì rì sínú páànù.

Màmá kan tó ti ń po fúláwà kí n tó dáyé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rí i pé ojú ẹsẹ̀ ni ibi tó tẹ̀ padà sípò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó sinmi sí i." Mo bi wọ́n, tẹnutẹnu, pé ojú ìwé wo ni wọ́n ti rí ìka.

Ọ̀gá àgbà wa ló wá fi iyọ̀ sí i. Ó gbóríyìn fún màmá, ó lẹ ìwé tuntun mọ́ ògiri, ó fi ọ̀rá bo ìyẹn náà: "Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò." Nígbà tó yá, ó fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ni, àti pé kí ọlọ́wọ́ òsì kọ́kọ́ wá gba àṣẹ ní ọ́fíìsì òun. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo tó wà ní ilé iṣẹ́ wa ni màmá.