Kí ẹ tó lé ẹnì kan kúrò nínú àjọ nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí olórí àjọ ní Iléṣà, àjọ tí a ń dá owó jọ, tí a sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni pé bí wọ́n bá ní ẹnì kan máa ń jẹ owó olówó, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, orúkọ ọmọ la fi ń pe ara wa. Ìyá Ṣadé lè tó mẹ́ta lórí ìlà kan ṣoṣo. Èyí tó jẹ gbèsè lè jẹ́ alátà, kí wọ́n wá di ẹrù rẹ̀ ru aláṣọ. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́: èwo nínú wọn? Kí ló ń tà?

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ẹni tó jẹ lówó, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tó dá pé òun yóò san. Ẹni tó bá ní "gbogbo ọjà ló mọ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹnu mẹ́rin lè sọ ọ́, kó jẹ́ pé kànga kan náà ni wọ́n ti pọn ọ́n, kí ẹlẹ́nu àkọ́kọ́ sì máa ta irú ọjà tí obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń tà.

Ẹ wá olówó gan-an rí. Àwìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbí, àbí kí làwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láyé àtijọ́, fi ta aṣọ? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọjọ́ kọjá lórí ẹ̀, tó wá bẹ̀, tó ń san díẹ̀díẹ̀, èmi á gbà á. Ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ sá fún olówó ni mi ò fẹ́.

Ẹ dé ọ̀dọ̀ alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin náà lójoojúmọ́, tó ń kọ ọ́ sí káàdì. Ẹ má bi í pé "ṣé èèyàn dáadáa ni?", ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ bi í bóyá ó máa ń fo ọjọ́, àti ohun tó máa ń wí bó bá fò ó. Kí ẹ wá pe obìnrin náà sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún un láì dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó máa kó owó kẹ́yìn. Ká ní èèyàn 10 ń dá ₦10,000 lóṣooṣù: ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ti gba ₦100,000, owó ẹlòmíràn sì ni ₦90,000 nínú rẹ̀. Ẹni tó máa kó kẹ́yìn ti dá ₦90,000 kó tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí ìyìn fi ń ba àjọ jẹ́ ju èébú lọ. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kó": ẹnu lẹ ti gbọ́ ìyẹn náà. Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ni kí ẹ bi nípa òun náà, kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kìíní.