Omi La Fi Ń Fọ RV, Omi Náà Ló Sì Ń Pa Á

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ fífọ RV ní agbègbè Houston níbí, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ mọ́tò fọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó dé. Ìyẹn gan-an ló máa ń kó bá yín. Ilé tí wọ́n gbé lé táyà ni RV. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n fi fáíbà bò ó, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé. Bó ṣe ń jì lójú títì, tí oòrùn Texas sì ń pa á, gọ́ọ̀mù yẹn á máa sán díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Omi ni aláǹgbá tiwa. Ìgbà tí pákó inú bá ti jẹrà tán, tí fáíbà ara ògiri wá ń wú, ni onílé máa tó mọ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ojú ni mo fi ń fọ RV ju ọwọ́ lọ.

Òrùlé lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gun àkàbà, ẹ fi omi rin ògiri yíká. Rọ́bà òrùlé tó ti gbó máa ń yọ ìyẹ̀fun funfun. Bó bá ṣàn sórí ògiri gbígbẹ, ó máa lẹ̀ síbẹ̀ ni, ẹ ó sì fi gbogbo ọ̀sán ha á. Ẹ béèrè irú òrùlé tó jẹ́ lọ́wọ́ onílé. Fáíbà wà, TPO, ìyẹn irú ike kan tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, wà, EPDM náà wà. EPDM yìí ni rọ́bà gidi, kò sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ní epo rọ̀bì nínú: á wú, á sì ṣí kúrò lórí pákó tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ ka ara ìgò ọṣẹ. Bẹ́ ẹ bá rí petroleum distillates níbẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fà yọ látinú epo rọ̀bì, ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ti tó.

Ibi tó jìnnà sí àkàbà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn bọ̀ wá síbi àkàbà. Òrùlé tó ní ọṣẹ ń yọ̀ gan-an, orí eékún lèmi máa ń wà. Bẹ́ ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́, ẹ máa wo gọ́ọ̀mù tó yí ẹ̀rọ amúlétutù, eríà àti gbogbo ihò atẹ́gùn ká. Ibi tó bá ti sán tàbí tó ń ṣí, ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé kì í gun ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ̀yin lojú wọn lókè yẹn. Ká sọ òótọ́, fọ́tò yẹn ló ń mú oníbàárà padà wá bá mi, kì í ṣe dídán ara ọkọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi ńkọ́? Ó ń yá iṣẹ́ lóòótọ́. Ó tún ń hú gọ́ọ̀mù, ó ń ṣí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ó sì ń ti omi wọ ibi tí òjò ò lè dé láéláé. Mi ò lò ó lókè, mi ò sì lò ó létí fèrèsé. Àwọn ìdérí tó ní ihò lára ògiri, ti fìríìjì, ti ẹ̀rọ amúlégbóná àti ti ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná, ẹ má kọjú omi sí wọn rárá. Ẹ kàn yọjú wò wọ́n: agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ibẹ̀, ilé rẹ̀ sì lè dí ọ̀nà atẹ́gùn iná.

Àárọ̀ lẹ máa fọ ògiri, kí oòrùn má gbẹ ọṣẹ mọ́ ọn lára. Nígbà ìrúwé àti nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, lovebug, kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń fò ní méjì-méjì, máa ń pọ̀ láti Florida títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí, iwájú ọkọ̀ á dúdú fún òkú wọn. Ẹ má ha á. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó kó rọ̀, kẹ́ ẹ wá nù ún. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, ó máa jẹ ọ̀dà. Àtíbàbà náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a, torí ó máa bu ni.

Inú ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fọ asẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ nu òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé, pé ká da omi bókẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ká fi ìgbálẹ̀ gbá a síta, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Aṣọ tẹ́ ẹ fún dáadáa ni. Ẹ má sì fín nǹkan olóòórùn sí ẹ̀bá aago tó ń ké bí gáàsì bá jò, èyí tí wọ́n máa ń kàn sí nítòsí ilẹ̀ torí pé gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó máa ké ni, gbogbo ọgbà tí wọ́n gbé RV sí á sì dìde.

Ó wá ku táńkì, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá. Mẹ́ta ni wọ́n: ti ìgbọ̀nsẹ̀, ti omi ìwẹ̀ àti abọ́, ti omi mímu. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ tú, kí omi ìwẹ̀ wá ṣan họ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bá fáàfù ìgbọ̀nsẹ̀ ní ṣíṣí lọ́dọ̀ ẹni tó dúró pẹ́ sójú kan, ẹ múra: omi ti ń ṣàn lọ látọjọ́ yìí, ìgbẹ́ nìkan ló kù, ó sì ti gan. Omi púpọ̀ àti sùúrù ló kù. Ìbọ̀wọ́ àti họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ lò níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ omi mímu.

Omi mímu fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí mímọ́ tó mọ́ lójú tàn yín. Ẹ yọ asẹ́ omi kúrò. Bílíìṣì tí kò lóòórùn dídùn, èyí tí à ń pè ní Jik nílé, ìdá kan nínú mẹ́rin ife fún gálọ́ọ̀nù 15. Táńkì gálọ́ọ̀nù 60 á gba ife kan. Ẹ pò ó mọ́ omi kẹ́ ẹ tó dà á sínú rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan títí tẹ́ ẹ ó fi gbóòórùn rẹ̀, ẹ pa á, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú u, ẹ ṣàn án títí òórùn á fi lọ. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí amóníà. Èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn, yàrá tó há báyìí ò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti sá.

Owó táńkì yàtọ̀ sí owó fífọ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́, torí bẹ́ ẹ bá ti parí, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé àwọn rò pé ó wà nínú rẹ̀.